Ìbejì Abẹ́ Búùtù

Ìkòkò mẹ́fà ni ìyàwó mi rà ní Ìpetumodù lọ́jọ́ náà, ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ìlú náà fi ọwọ́ mọ, tí iná sì jó jinná dé ikùn, tó fi jẹ́ pé bí a bá fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, ṣe ni yóò dún gbangba bí agogo. Ó fi àkísà àti koríko gbígbẹ tẹ́ inú búùtù jíìpù wa, ó sì tò wọ́n sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. Ọ̀nà tó ti Ìpetumodù wọ Ilé-Ifẹ̀ kò jìn. Kí apàlọ́ tó pa àlọ́ méjì tán, ènìyàn ti dé. Síbẹ̀, nígbà tí a dé ilé tí a ṣí búùtù, mẹ́ta nínú ìkòkò wọ̀nyí ti sán, ẹ̀kẹrin ti di àpáàdì. Ó yá mi lẹ́nu láti sọ pé ọ̀nà ló bàjẹ́. Ìyàwó mi, tó jókòó sí ẹ̀yìn kó lè máa na ọwọ́ di ẹrù rẹ̀ mú, wò mí títí, ó ní: "Bàbá Ìbejì, ọ̀nà yìí náà kọ́ la gbà lọ́dún tó kọjá? Níwájú tí ẹ̀yin jókòó sí ni ọ̀nà ti bàjẹ́. Ní ẹ̀yìn níbí, òkun ni, ìgbì ló ń gbé wa."

Mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi, nítorí mo ti rí i pé òdodo ni obìnrin yìí sọ, àti pé ohun méjì kan wà lábẹ́ búùtù náà, tí wọ́n rí gbọọrọ bí ọmọ odó, tí ọ̀kan nínú wọn ti kú láìsí ẹni tó gbọ́ ikú rẹ̀, tí èmi sì ti ń gbé òkú rẹ̀ kiri ìgboro láti ìgbà tí n kò lè sọ. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni mò ń wí.

Ikú ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ikú òjijì. Táyà yóò bẹ́, bátìrì yóò kọ̀ láàárọ̀, bíréèkì yóò máa han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí a dè lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ẹnu tí wọ́n fi ń rojọ́ ara wọn. Ṣọ́ọ̀kì kò ní ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ, gẹ́gẹ́ bí ojú àgbàlagbà ṣe ń ṣú díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa dá àwọn tí ń tẹ ìwé lẹ́bi pé lẹ́tà wọn ti kéré jù. Bó sì ti ń rọ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa mọ́ awakọ̀ lára, tí yóò máa dín eré kù ní kọ́nà láìmọ̀, tí yóò máa tètè tẹ bíréèkì láìmọ̀, tí yóò sì máa bú ìjọba nítorí ọ̀nà. Ìjọba jẹ̀bi tiwọn, n kò ní gbèjà wọn; ẹni tó bá gba ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ní àkókò òjò kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọ̀nà kò ní kí ẹ̀bi onímọ́tò má sí.

Bẹ́ẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ rere ti ń mọ́ wá, kì í ṣe ìlú tó yẹ kó ṣàì mọ irin. Irin Ògúnládìn, alágbẹ̀dẹ tí ìtàn so mọ́ Odùduwà, wà ní ààfin di òní. Ọdọọdún ni Ọọ̀ni ń dé adé Arè lọ́jọ́ ọdún Ọlọ́jọ́, tí ó sì ń lọ sí Òkè Mọ̀gún nítorí Ògún lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀. Àwa tí ń gun irin kiri lónìí ńkọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ tí a so mọ́ díńgí la mọ̀, a kò bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ rí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Ní Ifẹ̀ níbí, láti Láágéré títí dé Sábó, láti Ẹnuwá títí dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, gbogbo ọkọ̀ tó bá ga díẹ̀ nílẹ̀, tí búùtù rẹ̀ sì ń ṣí sókè, jíìpù la ń pè é. Jíìpù ayé àtijọ́, ọmọ ìyá ọkọ̀ akẹ́rù ni: ṣásí irin gbọọrọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orí ṣásí náà ni wọ́n gbé ara ọkọ̀ lé. Èyí tó kún ìgboro lónìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní crossover, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán ni, tí wọ́n gbé ga, tí wọ́n sì fi agbádá jíìpù wọ̀. Ara rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. RAV4 ti Toyota tó jáde ní 1994 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí, CR-V ti Honda tẹ̀lé e ní 1995, nígbà tó sì di 1998 ni Lexus gbé RX dé Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ di ọkọ̀ ọlọ́lá láìpẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ènìyàn àti àpò ọjà ni wọ́n ṣe ẹ̀yìn wọn fún. Ẹni tó bá rí gíga rẹ̀, tó sì di àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ sí búùtù, agbádá ló rí, kò rí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Kí wá ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ló ru ọkọ̀. Rárá o, sípíríǹgì ló rù ú. Ẹ wo ẹ̀ka igi tí ẹyẹ ńlá bà lé: ó tẹ̀, bí ẹyẹ bá sì fò lọ, kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà, yóò máa lọ sókè, yóò máa bọ̀ nísàlẹ̀, títí agbára yóò fi tán nínú rẹ̀. Sípíríǹgì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí táyà bá já sí kòtò, yóò gba ìyà náà mọ́ra, ṣùgbọ́n kò ní àpò tí yóò kó o sí. Dídá ni yóò dá a padà, yóò sì tún gbà á, yóò sì tún dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì ni ọwọ́ tó di ẹ̀ka náà mú. Sípíríǹgì ń ru ẹrù, ṣọ́ọ̀kì ń pẹ̀tù sí ìbínú rẹ̀.

Bó ṣe ń pẹ̀tù náà kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ la odò já rí. Bí o bá rọra ń lọ, omi yóò yà fún ọ; bí o bá fẹ́ sáré, omi kan náà yóò di ẹsẹ̀ rẹ mú bí ẹni pé ènìyàn ló wà níbẹ̀. Páìpù irin tí a sé ní ìdí ni ṣọ́ọ̀kì, òróró ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pá dídán kan ló sì ki orí wọ inú òróró náà. Ní ìparí ọ̀pá yìí ni ọmọrí kan wà tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí, tí ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo àwọn ihò náà. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń lọ sókè sódò, òróró gbọ́dọ̀ gba inú ihò wọ̀nyí kọjá, kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀ láìjà. Ìjà náà ni agbára kòtò ń parí sí, tó ń di ooru, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé lọ. Àwọn tí ń ṣe ṣọ́ọ̀kì fojú bù ú pé ó ń ṣe èyí nǹkan bí ìgbà 1,000 nínú kìlómítà kan. Kí òróró má baà hó di fóòmù nínú gbogbo làálàá yìí ni wọ́n ṣe ń ki gáàsì nítírójìn mọ́ ọn nínú. Ará Faransé kan, Christian Bourcier de Carbon, ló sọ ọgbọ́n yìí di ohun tó ṣeé fọkàn tẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Bilstein ti Jámánì sì gbé e sábẹ́ ọkọ̀ Mercedes ní 1957. Gbogbo ẹ̀mí ẹ̀rọ náà rọ̀ mọ́ rọ́bà roboto kan tó yí ọ̀pá dídán náà ká ní ẹnu páìpù. Bí eruku bá gé rọ́bà yìí, òróró yóò máa jò jáde, ọmọrí yóò sì máa gbá òfìfo.

Bó bá jẹ́ pé ìnira ẹ̀yìn nìkan ló wà níbẹ̀, n kì bá tí dà yín láàmú; ìran Yorùbá mọ bí a ti ń fara da ìnira. Ṣùgbọ́n táyà tí kò kan ilẹ̀, kò ní bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, tí táyà ẹ̀yìn ń ta pọ́ún-pọ́ún bí bọ́ọ̀lù lórí ọ̀dà, gbogbo ìgbà tó bá wà lófuurufú, ìtẹ̀bíréèkì kò kàn án, ìyíwọ́ kò kàn án. Lójú ọ̀nà gbígbẹ, ẹ lè má mọ̀. Ní kọ́nà, nínú òjò, tí ọkọ̀ epo ń bọ̀ níwájú, ẹ ó mọ̀.

Nígbà tí mo jáde lọ wá ìwòsàn, àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó dájọ́. Ó ní kí n wakọ̀ síwájú díẹ̀, ó gbọ́ "kọ̀-kọ̀-kọ̀" kan, ó ní: "Lìnkéèjì ni, Bàbá." Ó pa lìnkéèjì iwájú méjèèjì dà, ó gba owó rẹ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀ sì dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkun tó wà lẹ́yìn kò fà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ẹni kejì jẹ́ àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ọdán, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń sáré yí i ká. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àkọ́kọ́ kò kan ọkọ̀ rárá: "Bàbá, kí lẹ máa ń gbé sẹ́yìn?" Mo ní iṣu ni, nígbà tí a bá ti Ifẹ̀tẹ̀dó bọ̀, àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́rin tàbí márùn-ún fún àwọn ẹbí tó wà l'Ékòó, àti ẹrù àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì. Ó mi orí. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù jáde, wọ́n sì bá jáàkì tó ti já kúrò lẹ́sẹ̀ tí a dè é mọ́, tó ń yí kiri lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹjọ́ kan ti kúrò nílẹ̀," ni ó wí. Ó ní ọkọ̀ tí òun ti bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí jáàkì lásán kò lóǹkà.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé igun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gbéra sókè, tí yóò sì jókòó jẹ́ẹ́. Tèmi dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀, bí ìyàwó tuntun tó ń kí àwọn àna ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá wọn sì kìlọ̀ fún mi níbẹ̀ pé kí n má gbẹ́kẹ̀ lé ìdánwò yìí nìkan: ṣọ́ọ̀kì tó ti kú tán ló ń túfọ̀, èyí tó ń kú lọ lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kó sì da ọkọ̀ nù lórí eré.

Nítorí náà ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Mo tẹ agbádá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀. Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ ọ̀tún: láti ọrùn títí dé ìdí ni erùpẹ̀ pupa Ifẹ̀ ti bo páìpù náà, kì í sì í ṣe eruku tí a lè fẹ́ dànù, ó ti ki, ó ti di bí ẹ̀kọ tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, nígbà tó fi ìka ha á, òróró dúdú jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì ní ọ̀rinrin díẹ̀ lọ́rùn nìkan. "Èyí òógùn ni," ó tọ́ka sí òsì; "èyí ẹ̀jẹ̀ ni," ó tọ́ka sí ọ̀tún. Gbogbo ṣọ́ọ̀kì tó bá ń ṣiṣẹ́ ló lè làágùn díẹ̀. Ìgbà tó bá tutù dé ìsàlẹ̀, tó ń kán, la tó ń sọ pé ó ti tán.

Ìdánwò tó kù tó fi hàn mí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé aláìmọwé lè ṣe é. Ó ní kí n wa ọkọ̀ náà jáde lọ sí ojú ọ̀nà tó ní gálọ́ọ̀pù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n sì padà wá. Nígbà tí mo dé, ó yọ ọwọ́ mi sábẹ́ ọkọ̀, ó ń kìlọ̀ pé kí n yẹra fún sàlẹ́ńsà, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ṣọ́ọ̀kì òsì: ó gbóná wọ́ọ́rọ́ bí kọ́ọ̀pù tíì. Ó gbé e lé ọ̀tún: ó tutù bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Èyí tó gbóná ló ń jà. Èyí tó tutù ti káwọ́ lẹ́yìn. Kí a tó dìde ó tún ní kí n fi ọwọ́ ra ojú táyà ẹ̀yìn yíká. Ojú kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ilẹ̀ etí odò tí omi ti fọwọ́ rà lọ. Táyà tó ń ta bọ́ọ̀lù ló ń jẹ báyìí.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un, nítorí mo rí i pé ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: bí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ tàbí tó tẹ̀ sí apá kan, ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló jẹ̀bi lọ́pọ̀ ìgbà, sípíríǹgì ni, ó ti rọ̀ tàbí ó ti kán. Bó bá sì ń dún "gbì" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó já sí kòtò, ó lè jẹ́ búṣìn, rọ́bà tó ń di irin mú ní oríkèé, ó sì lè jẹ́ rọ́bà ìdí ọ̀pá tó ti jẹrà. Tèmi ti jẹrà. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ó fọ́ bí àkàrà àná.

Àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí 80,000 kìlómítà. Ojú ọ̀nà tiwọn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, aago ọkọ̀ tòkúnbọ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a lè fi owó yí lẹ́nu padà. Èmi ti fi ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdọọdún ṣe àkókò tèmi, kí òjò tó dé.

Ọ̀rọ̀ ríra rẹ̀ ló le jù. Bí ènìyàn bá ti sọ pé ṣọ́ọ̀kì òun kú, olùdámọ̀ràn yóò pọ̀ ju ẹni tó wá kí òkú lọ. Ẹni kan sọ fún mi pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń lu ihò sí i, tí wọ́n ń bu òróró tuntun sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń jó ihò náà pa. Kò sí bí a ti lè se ebòlò tí kò ní rùn igbẹ́: rọ́bà tó gé wà níbẹ̀ síbẹ̀, gáàsì ti fò lọ, ẹni tó sì gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ohun tí gáàsì àti òróró wà nínú rẹ̀ ń dán ikú wò. Ẹlòmíràn ní kí n fi rọ́bà há àárín ìká sípíríǹgì. Èyí yóò gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, yóò sì wu ojú, ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni mo sọnù, ìfarabalẹ̀ ni.

Tòkúnbọ̀ ló kù, tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń pè ní Belgium, níbí yìí ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. N kò kẹ́gàn tòkúnbọ̀. Àkísà lo ìgbà rí. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ wà tó gbé olówó rẹ̀ títí ọmọ fi jáde ilé ìwé, ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ dára ju tuntun mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì jẹ́ ohun tí ń jẹ tán bí bàtà, bí ọṣẹ. Ẹni tó tú u kúrò lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní òkèèrè, ó lè jẹ́ nítorí pé ó ti tán ni, ọkọ̀ tí wọ́n sì tú palẹ̀ nítorí ogbó, ogbó kan náà ni ti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dùbúlẹ̀ nínú kọ̀ǹténà àti nínú oòrùn, tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ń gbẹ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, wọ́n ti fi kẹrosíìnì nù ún, wọ́n kùn ún ní dúdú, ó ń dán bí ojú ọmọge. Mo gbé e dúró, mo fi ọwọ́ kan tẹ ọ̀pá rẹ̀. Ó wọlé wọ̀ọ̀ bí ọbẹ nínú ògì, ó sì jókòó síbẹ̀. Mo dúró kó jáde. Kò jáde. Ẹni tó ń tà á ní, "Bàbá, bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

Bó ṣe ń ṣe kọ́ nìyẹn. Tuntun tó ní gáàsì, bí a bá tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé, yóò takú ní gbogbo ọ̀nà lọ́gbọọgba, láìsí ibi tó ti ṣófo lójijì, bí a bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò rọra dìde padà. KYB ni mo rà níkẹyìn, ilé-iṣẹ́ Japan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shiro Kayaba gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 1919. Monroe ti Michigan náà lórúkọ, àwọn mìíràn sì wà. Orúkọ ńlá yìí gan-an ni àwọn ayédèrú ń fi bojú, nítorí náà ènìyàn gbọ́dọ̀ wo páálí, kó wo bí wọ́n ṣe tẹ nọ́ńbà sára irin, kó ra á lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá lórí ìjókòó rẹ̀ lọ́la. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tòkúnbọ̀. Mo san án, inú mi kò dùn.

Ẹni tó bá ń lọ ra á, ìbáà jẹ́ ní Ifẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Gate n'Íbàdàn, ìbáà jẹ́ ní Ládípò l'Ékòó, kó mú nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, kó sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí tàbí mẹ́rin, nítorí pé ọkọ̀ méjì tó jọra bí èèpo ẹ̀pà lè má lo ṣọ́ọ̀kì kan náà. Kó béèrè pẹ̀lú bóyá sípíríǹgì dá dúró lọ́tọ̀ tàbí ó wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì, bíi ti Highlander àkọ́kọ́ tí Toyota ṣe. Èyí tó wé mọ́ ọn, ọ̀tún ní tirẹ̀, òsì ní tirẹ̀.

Ọgbọ́n àgbà ni mo fẹ́ lò pé kí n ra ọ̀kan ṣoṣo, ti ọ̀tún tó kú, kí n fi òsì tó ń làágùn sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì," ni ó wí, "ta ló kọ́ yín pé kí ẹ ra aṣọ fún Táíwò, kí Kẹ́hìndé máa wọ àkísà?" Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan bá le, tí èkejì rọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa fì sí apá kan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì tàbí tí a bá yà ní kọ́nà, tuntun yóò sì máa ṣe iṣẹ́ ẹni méjì títí òun náà yóò fi kú. Mo ra méjèèjì.

Ní ti dídè é, ohun tí mo rí ni mo ń sọ. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ìròyìn kọ́ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń kọ́ fún ọdún mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti fín WD-40 sí gbogbo nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún. Láàárọ̀, wọ́n fi òkúta há táyà iwájú, wọ́n tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà nílẹ̀, wọ́n gbé ìdí ọkọ̀ sókè, wọ́n sì ki gẹdú sábẹ́ ibi tó le ní apá méjèèjì, nítorí pé jáàkì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ti gbé jáàkì kékeré kan dúró sábẹ́ apá tó gbé sípíríǹgì. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí bóòtù bá ti jáde, apá náà lè já sílẹ̀ lójijì, kó fa páìpù bíréèkì já, kí sípíríǹgì sì fò jáde. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ tí a fi ń ká sípíríǹgì mọ́lẹ̀ la gbọ́dọ̀ lò. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi okùn àti wáyà dè é. Sípíríǹgì tó bá já gbà kúrò nínú okùn kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́.

Nígbà tí ògbólógbòó méjèèjì jáde, ó tò wọ́n síwájú tuntun, ó fi wọ́n wé ara wọn, gígùn sí gígùn, ojú bóòtù sí ojú bóòtù. Ó gbé tuntun dúró ṣánṣán, ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó fà á jáde, bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí afẹ́fẹ́ tó kó sí i nínú nígbà tó dùbúlẹ̀ nínú páálí lè kúrò. Ọmọ iṣẹ́ kan sáré gbé píláyà láti fi di ọ̀pá dídán mú. Ọ̀gá gbá a lọ́wọ́. Ojú egbò kékeré tí eyín píláyà bá dá sí ọ̀pá náà ni yóò gé rọ́bà ẹnu rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ohun kan tó ṣe ní ìparí yà mí lẹ́nu. Ó fi àwọn bóòtù tó gba inú búṣìn kọjá sílẹ̀ láìfún wọn le, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mì í díẹ̀, ìgbà náà ló tó wọ abẹ́ rẹ̀ padà tó sì fi sípánà fún wọn pa. Mo béèrè ìdí. Ó ní rọ́bà búṣìn ń di irin mú nínú ní ibi tí a bá fún un sí. Bí a bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ so rọ̀ lófuurufú, lílọ́ ni yóò lọ́ lọ́jọ́ gbogbo tí ọkọ̀ bá dúró nílẹ̀, yóò sì ya kíákíá. "Ẹni tó bá fi ọrùn lílọ́ sùn," ni ó wí, "ẹ ṣáà mọ bí yóò ṣe jí." Lẹ́yìn náà ni a lọ wo aláínmẹ́ǹtì, nítorí pé táyà ti jẹ.

Ó tẹ igun ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ. Ọkọ̀ náà dìde, ó sì jókòó.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e ni ìyàwó mi ní kí a tún lọ sí Ìpetumodù. Ó ra ìkòkò mẹ́rin dípò àwọn tó fọ́, ó tẹ́ koríko, ó tún fi kún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé kò tíì gba èmi tàbí mẹkáníìkì mi gbọ́, ó sì jókòó sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí ẹrù rẹ̀. Nígbà tí a dé àárín ọ̀nà, mo wo díńgí láti mọ ohun tí yóò sọ. Ó ti sùn.